Ewé Tí A Kì Í Sọ Nù

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, òun náà á di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kíkó ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá àwọn ọmọ sọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa bí àwa Yorùbá ti ń lo ewé. Ewé ni aṣọ oúnjẹ wa. Ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, ewé ni a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, ewé ni a sì fi ń di obì kí ó má baà gbẹ. Bí a bá jẹun tán, ààtàn ni ewé ń lọ; kò sí ẹni tí í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oúnjẹ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ewé tí a fi wé e ni a ń jẹ pọ̀ mọ́ ọn, bí a kò bá sì rí ewé náà, oúnjẹ kò sí.

Ìlú Bouaké ni mo ń gbé, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bouaké wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ó tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí àríwá Abidjan. Àwọn Baoulé ni onílẹ̀. Ní ọdún 1912 ni ojú irin tí àwọn Faransé ń là láti etí òkun dé ibẹ̀, láti ìgbà náà ni ará gúúsù àti ará àríwá ti ń pàdé ní ọjà rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kò gbẹ́yìn níbi tí ọjà bá gbé wà. Láti Èjìgbò, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìwó àti Ìnísà ni wọ́n ti ń wá sí ilẹ̀ yìí fún ìṣòwò, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń pè wá ní Anango. Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò yóò jẹ́rìí sí i pé a máa ń gbọ́ èdè Faransé ní ìgboro rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ìlú náà tí wọ́n ti gbé Côte d'Ivoire rí pọ̀ jọjọ.

Ènìyàn mẹ́fà ni a wà nínú ilé mi: èmi, ìyàwó mi tí ó ń ta aṣọ ní ọjà, ọmọ mẹ́ta, àti ìyá mi. Màmá ti ń gbé Bouaké kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, nígbà tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, tí orílẹ̀-èdè sì pín sí méjì títí a fi kọ ìwé àdéhùn Ouagadougou ní oṣù kẹta ọdún 2007. Ẹni tí ó bá la irú ìgbà bẹ́ẹ̀ kọjá kì í fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré. Lójú Màmá, ìkòkò ńlá tí ó kún fún ìrẹsì, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ta sánsán, ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì rí i pé ó ń ru. Ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n dín epo kù, kí wọ́n má ṣe jẹ oúnjẹ wúwo lóru. Bẹ́ẹ̀ ni aago méje alẹ́ ni ìyàwó mi ń ti ọjà dé, bí a bá sì ní kí a gbé ìkòkò ńlá kaná ní àkókò náà, aago mẹ́sàn-án ni a ó tó jẹun. Bí ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ti di ohun tí ó ń kó ìrònú bá wa nínú ilé nìyẹn.

Obìnrin Baoulé kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wa ni ó kọ́ ìyàwó mi ní oúnjẹ tí mo ń wí yìí. A ó gé ẹran adìẹ wẹ́wẹ́, a ó sè é pẹ̀lú atalẹ̀ àti aáyù, a ó bù ú sínú ewé sàláàdì tútù, a ó ká a, a ó sì jẹ ẹ́. Obìnrin náà pè é ní oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, òótọ́ sì ni, bí kò tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣáínà nìkan ni ó ni ín. Ní agbègbè Canton ní gúúsù Ṣáínà, ẹran tí a gé wẹ́wẹ́ tí a wé sínú ewé sàláàdì jẹ́ oúnjẹ iyì. Orúkọ tí wọ́n ń pe ewé náà jọ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí kí owó wọlé, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lò ó nígbà ọdún tuntun, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń fi orúkọ ohun tí a bá mú dání wúre. Àwọn ará Kòríà a máa wé ìrẹsì àti ẹran sínú ewé, ssam ni wọ́n ń pè é. Ní ti àwọn ará Vietnam, àkàrà róbótó kan tí a ń pè ní nem ni wọ́n ń fi ewé sàláàdì àti ewé míǹtì wé, kí wọ́n tó tì í bọ inú omi ẹja kíkan.

Nem yìí ti pẹ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ogun ni ó sì mú un wá. Nígbà tí àwọn Faransé ń jà ní Indochina láti ọdún 1946 títí di ọdún 1954, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń jọba lé lórí lọ sí ojú ìjà náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1954 ni àwọn Faransé ṣubú ní Dien Bien Phu, tí ogun sì parí nínú ọdún náà. Lára àwọn ọmọ ogun tí ó padà sílé, àwọn kan mú ìyàwó tí wọ́n fẹ́ ní Vietnam dání, pàápàá àwọn ará Senegal. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í din nem ní Dakar, títí tí ó fi di oúnjẹ tí gbogbo ará ìlú ń jẹ. Lónìí, wọ́n ń tà á káàkiri Abidjan, wọn a sì máa fi ewé sàláàdì àti míǹtì lé e lọ́wọ́ ẹni. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi. Ẹnu ìlẹ̀kùn tí a kò rò ni ohun rere ń gbà wọlé nígbà mìíràn. Ọ̀gágun ni ó rán àwọn ọkùnrin lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni ó gbé ohun tí ó kù fún wa nínú ìrìn àjò náà wá.

Ẹ má ṣe rò pé ewé sàláàdì ṣàjèjì sí wa pátápátá. Ẹ̀fọ́ yánrin tí àwọn ìyá wa ń já ní etí oko jẹ́ ìbátan rẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko tilẹ̀ ti kà á mọ́ ìdílé sàláàdì rí, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Launaea taraxacifolia. Bí ẹ bá já ewé yánrin, ẹ ó rí omi funfun bí wàrà tí yóò ṣẹ̀ jáde. Bí ẹ bá já ìdí ewé sàláàdì tí ó ti gbó, ohun kan náà ni ẹ ó rí. Nítorí omi funfun yìí ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú orúkọ wàrà. Ìkorò díẹ̀ tí ó wà nínú yánrin wà nínú sàláàdì pẹ̀lú, àfi pé àwọn àgbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yan irúgbìn tí kò korò. Kò fẹ́ràn ooru púpọ̀. Bí oòrùn bá mú jù, yóò yọ igi òdòdó lọ sókè, ewé rẹ̀ yóò sì korò. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń dára jù ní Bouaké, nígbà tí àwọn olùgbẹ̀fọ́ bá ń bomi rin ebè wọn ní àwọn àbàtà tí ó wà láàrin ìlú.

Omi tí wọ́n fi ń rin ín yìí ni ó yẹ kí a kíyè sí ju ohun gbogbo lọ. Oúnjẹ tí iná kò kàn ni ewé yìí. Bí omi kànga tàbí omi odò tí a fi rin ín bá dọ̀tí, ẹyin aràn àti kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun lè wà lára rẹ̀. Nítorí náà ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi ìwẹ̀ rẹ̀ ṣe àfọwọ́rá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀, ó ti tó, kò tó. Ní ilé wa, a ó kọ́kọ́ já ewé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò lára ìdí rẹ̀, a ó sì sọ èyí tí ó ti ràn nù. A ó wá fọ ewé kọ̀ọ̀kan lójú àti lẹ́yìn lábẹ́ omi tí ń ṣàn, nítorí ẹyin aràn kì í kú bọ̀rọ̀, omi tí ń ṣàn àti ọwọ́ ni ó ń gbé e lọ. Lẹ́yìn èyí ni a ó rẹ wọ́n sínú omi tí a kán Javel sí, ní ìwọ̀n àti àkókò tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, kí ó lè pa àwọn kòkòrò tí ojú kò rí. A ó tún fi omi tí ó ṣeé mu ṣàn wọ́n, a ó sì gbọn wọ́n gbẹ. Ẹni méjì ń ṣiṣẹ́ nínú ìwẹ̀ yìí: omi tí ń ṣàn ń ṣe tirẹ̀, Javel ń ṣe tirẹ̀, ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Bí aboyún bá wà nínú ilé, tí omi ìlú kò sì dáni lójú, ó sàn kí a bọ ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lórí iná.

Ìsè rẹ̀ kò gba àkókò. Fún àwa ènìyàn mẹ́fà, ẹran adìẹ tí ó tó gíráàmù 600 tó wa, tí a ti yọ eegun àti awọ rẹ̀ kúrò, tí a sì ti gé e wẹ́wẹ́. A ó gé àlùbọ́sà méjì, aáyù mẹ́rin, àti atalẹ̀ tí ó tó àtàǹpàkò. A ó rin kárọ́ọ̀tì méjì, a ó sì gé kábéèjì díẹ̀ tín-ín-rín. A ó da ṣíbí òróró ẹ̀pà méjì sínú páànù, a ó jẹ́ kí ó gbóná dáadáa, a ó sì da ẹran náà sí i. A ó máa rò ó títí kò fi ní sí ibi tí ó pọ́n nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó da àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀ àti ata sí i, kí kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì tó tẹ̀lé e ní ìkẹyìn, kí wọ́n má baà rọ̀ jù. A ó wọ́n omi sóyà ṣíbí kan péré, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, a ó sì da ẹ̀pà yíyan tí a gún lébé-lèbè lé e lórí. Láti ìgbà tí a bá ti tan iná, ìṣẹ́jú 20 kò ní pé tí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Ẹni tí ebi bá ń pa gidigidi yóò bu attiéké díẹ̀ sínú ewé tirẹ̀. Attiéké ni ẹ̀gẹ́ rínrìn tí a fi oru omi sè, òun sì ni iyì ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni UNESCO kọ ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ mọ́ àwọn àjogúnbá aráyé.

Ọ̀rọ̀ omi sóyà ni ó fa àríyànjiyàn nínú ilé wa. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà má ṣe jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, èyí tí kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Ṣíbí ńlá kan omi sóyà ní iyọ̀ tí ó lé ní gíráàmù 2 nínú. Bí a bá pín in fún ènìyàn mẹ́fà, kò ju ohun tí ara lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìgò náà kalẹ̀ kí olúkúlùkù máa dà á bí ó ti wù ú, a ti fi ọwọ́ òsì gba ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún lé jáde padà nìyẹn. Bákan náà ni mágí tí a ń fọ́ sínú ọbẹ̀, tí iyọ̀ fi ń tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Oúnjẹ kì í di oúnjẹ ìlera nítorí pé ewé wà nínú rẹ̀. Ohun tí a bá dà lé ewé lórí ni yóò jẹ́rìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ewé náà ka iwájú Màmá, wọ́n wò ó, wọ́n sì wò mí. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé lójú ogbó mi yìí ni o wá fẹ́ sọ mí di ewúrẹ́?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Oúnjẹ tí ara yín ń fẹ́ ni." Wọ́n ní ara àwọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ewé tútù. Wọ́n jẹ attiéké wọn lọ́tọ̀, wọ́n sì wọlé lọ sùn. N kò lè sọ pé inú mi dùn. Bí ìyá ẹni bá ń dá jẹun ní kọ̀rọ̀ yàrá nítorí àìsàn, oúnjẹ tí ó dára lára kò tíì dára tó.

Ìyàwó mi ni ó rí ojútùú rẹ̀. Ó ra irú ní ọjà, èyí tí àwọn Dioula ń pè ní soumbala, ó gún un kúnná pẹ̀lú ata àti aáyù, ó sì fi rọ́pò omi sóyà. Kò ṣe ohun tí ó ṣàjèjì. Ẹ̀wà tí a sè tí a sì bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi yí padà ni orísun omi sóyà, igbá sì ni a fi ń ṣe irú ní ọ̀nà tí ó jọ ọ́. Kòkòrò tí ojú kò rí tí ó ń ṣiṣẹ́ jù nínú irú, Bacillus subtilis, òun kan náà ni àwọn ará Japan fi ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto. Bí òórùn irú ti gba ilé kan ni Màmá jáde láti yàrá. Wọ́n béèrè ohun tí a ń sè. Wọ́n mú ewé kan, wọ́n bu díẹ̀ sí i, wọ́n ká a bí ẹni ń di obì, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Yánrin ni èyí. Yánrin tí kò tíì dàgbà ni." Wọ́n tún mú òmíràn. Láti ọjọ́ náà, a ń jẹ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, Màmá ni wọ́n sì ń gún irú rẹ̀. Wọn kò dẹ́kun oògùn tí dókítà kọ fún wọn. Oúnjẹ kì í ṣe oògùn, olùrànlọ́wọ́ oògùn ni.

Àwọn kan yóò wí pé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé fún àlejò. Mo ní ẹ̀rí tí mo lè fi dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti South Africa pàdé ní pápá ìṣeré Bouaké, nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, láti mọ ẹni tí yóò dé ìpele àṣekágbá. Àwọn ènìyàn wa ti Abidjan wá, ilé mi sì kún. Ayò náà di ọ̀mì, 1 sí 1, wọ́n fi àkókò kún un, wọ́n sì gbá pẹnárítì, kí Nàìjíríà tó borí pẹ̀lú 4 sí 2. Ta ni yóò lọ dúró ti ìkòkò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀? Àwo ewé ńlá kan àti àwo ẹran ńlá kan ni a gbé kalẹ̀ sáàrin, olúkúlùkù ń ká tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìrẹsì.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ tí ó ju ti ìlera lọ ni ìjókòó. Ìrẹsì a máa jẹ́ kí ọmọ gbé àwo rẹ̀ lọ sí ibi tí ó wù ú. Ewé yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Àárín ni gbogbo rẹ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń ká a, ẹni tí ó bá bù ú kún jù, ewé rẹ̀ yóò ya, yóò sì dà sí i lára. Nítorí náà ni a ṣe ń jókòó pẹ́. Èdè Faransé ni àwọn ọmọ mi ń sọ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n nídìí àwo yìí, ẹnu Màmá ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Ibẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti mọ ìyàtọ̀ láàrin kí a ká nǹkan, kí a wé e, kí a di í, àti kí a pọ́n ọn, nítorí bí ó bá ti pe ọ̀kan ní èkejì, ìyá àgbà yóò tún un ṣe. N kò tíì rí ìwé tí ó kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí yára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe pé mo ní kí ẹ lọ máa wá omi sóyà kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ènìyàn jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí ó tó gíráàmù 400 lóòjọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó níwájú wa ní kíláàsì tí wọ́n ń jẹ tó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ rán wọn lọ bá àwọn ìyá àgbà wọn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ewé mẹ́wàá tí à ń jẹ wá: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀, wọ̀rọ̀wọ́, ewúro, yánrin, àti àwọn tí èmi pàápàá kò tíì gbọ́ rí. Kí wọ́n béèrè bí a ti ń já a, bí a ti ń wẹ̀ ẹ́, èyí tí a ń bọ̀ àti èyí tí a kì í bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Orúkọ mìíràn wà tí ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n nínú agbo ilé kan, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀dọ́.